Lórí “ìrànwọ́”, “àgbàtọ́” àti “ìbánitọ́mọ”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ìbàdàn. Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí mo sọ pé mo ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ìwé tí ó ṣàlàyé bí ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá àwọn òbí gbé ẹrù títọ́ ọmọ kékeré, tí mo sì bi yín léèrè orúkọ tí a lè fi pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Àbá mẹ́ta ni ẹ mú wá. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó kọ̀wé láti Mọ́kọ́lá ní kí n kọ “ìrànwọ́ ìjọba fún ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú èwe”. Ìyá wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní “ètò àgbàtọ́” ti tó. Ẹnì kẹta ní kí a tilẹ̀ kọ́kọ́ pa “jẹ́lé-ó-sinmi” rẹ́ nínú èdè wa ná, nítorí pé ó ń tàbùkù ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò lè gba èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ṣe wà.

“Jẹ́lé-ó-sinmi” ni n óò kọ́kọ́ gbèjà. Gbogbo wa ni a mọ bí wọ́n ṣe dá a: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọmọ ni wàhálà, pé ńṣe ni wọ́n lé e jáde kí ilé lè rójú. Ṣùgbọ́n ta ni “ilé” tí ó ń sinmi yẹn? Ìyá ni, ìyá tí ó jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, tí ó pọnmọ, tí ó dáná, tí ó sì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ọkọ̀ ata tó já ẹrù tán. Orúkọ tí ó bá jẹ́wọ́ pé ìsinmi tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn kò fi ọ̀rọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀. “Kírẹ́ẹ̀ṣì” tí gbogbo ìgboro ń pè lónìí, ọ̀rọ̀ Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibùjẹ ẹran, irú èyí tí Bíbélì wa sọ pé Màríà tẹ́ Jésù sí. Firmin Marbeau ni ó fi orúkọ náà pe ilé tí ó dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1844 fún ọmọ àwọn obìnrin tálákà tí ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ní Jámánì, Friedrich Fröbel ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ọdún 1837, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1840 kí ó tó rí orúkọ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, “ọgbà àwọn ọmọ”. Bí ibùjẹ ẹran bá lè di orúkọ iyì, kí jẹ́lé-ó-sinmi máa jẹ́ orúkọ ilé tí à ń mú ọmọ lọ. Ohun tí a ń wá ni orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà, àti orúkọ ipa tí ìjọba ń kó níbẹ̀.

Ní ti “ìrànwọ́”, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ará ìlú báyìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ “owó ìrànwọ́ ìjọba”, epo bẹntiróòlù ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí, àti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ìrànwọ́ ni ohun tí ẹni tí ó fún ọ lè gbà padà nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí ìwé yìí ń sọ nípa Skọ́tlándì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2014 so ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré àti ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ di gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè 600 wákàtí lọ́dún láìgbowó fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, àti fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ọdún méjì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wákàtí náà di 1,140. Òbí tí ó bá lọ gba àyè fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kò lọ tọrọ nǹkan. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó lọ gbà. Ti Kánádà tún yàtọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Quebec, láti ọdún 1997, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà, tí òbí sì ń san dọ́là márùn-ún péré lóòjọ́ lórí ọmọ kan nígbà náà. Ní ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ kí iye tí òbí ń san káàkiri orílẹ̀-èdè náà já sí nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá lóòjọ́. Ẹ̀dínwó ni ìyẹn. Bí mo bá pe méjèèjì ní “ìrànwọ́”, ìyá tí ó ń kà á ní Bódìjà kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ń fúnni ní wákàtí, èkejì ń dín owó kù.

“Èwe” pàápàá kò bá a mu. Ọmọ tí ó lè dá lọ sí odò ni èwe. Ọmọ-ọwọ́ àti ọmọ ìrìnsẹ̀ ni ìwé náà ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré wọ̀nyí kan ìtàn ìlú wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí láti Ìbàdàn níbí bẹ̀rẹ̀ ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìgbowó. “Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́” ni ará ìlú pè é, ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì dúró títí dòní. Àwọn àgbà wa ṣì ń rántí bí olùkọ́ ṣe ń ní kí ọmọ na ọwọ́ gba orí kọjá kí ó fi kan etí kejì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án, wọ́n á ní kí ó padà sílé lọ dàgbà sí i. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn kò tíì kan etí ni a ń wá ọ̀rọ̀ fún lónìí, wọn kò sì tíì kúrò níbi tí a fi wọ́n sí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2004, ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ níbi tí ó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti sọ ohun tí ó di dandan kí ìjọba pèsè lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọmọ ìpele kékeré ilé ẹ̀kọ́ girama nìkan ni ó dárúkọ. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo rí i. Ìtumọ̀ gbà wọ́n wọlé, àṣẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ sí ìta.

“Àgbàtọ́” dùn létí, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó mú un wá, ṣùgbọ́n “gbà” inú rẹ̀ ni ìṣòro. Alágbàtọ́ ni ẹni tí ọmọ kó lọ bá, tí ó ń sùn sílé rẹ̀, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Ìyá tí ó bá kà á pé ìjọba fẹ́ ṣe àgbàtọ́ ọmọ òun yóò tún ọ̀já ọmọ náà so le ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ jókòó ti ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ata ní ọjà Bódìjà, ẹni tí àwọn ọlọ́jà máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì ń san nǹkan fún lójoojúmọ́. Ẹní méjì ni ó tẹ́ sábẹ́ páànù, ọmọ mẹ́jọ wà lórí wọn. Ó so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ kúlà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan náà ni ó sì so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ tí ó ni ín, kí oúnjẹ má baà ṣìnà. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ń to kóró àgbálùmọ̀ sílẹ̀, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ta kan. Ọwọ́ òsì ń nu ikun nímú àbúrò rẹ̀. N kò mọ bí a ó ṣe fi “ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú” pín ọwọ́ méjèèjì yẹn. Gbogbo ìyá tí ó wá, ohun kan náà ni wọ́n ń wí kí wọ́n tó yíjú sí ọjà: “Màmá, ẹ bá mi wò ó dè mí o.”

Láti inú gbólóhùn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ dá “àwòdè”. Ó kúrú, ó sì dùn ún pè. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ rán mi létí pé ẹyẹ tí ń gbé ọmọ adìẹ ń jẹ́ àwòdì, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó sì yà wọ́n. Mo pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn ìyá náà ni “bá”, òun gan-an ni mo sì dì mú. Bí a ti ní ìbánisọ̀rọ̀ àti ìbánikẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí a ní “ìbánitọ́mọ”. Ẹni tí ó bá ọ kẹ́dùn kò gba òkú lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó bá ọ tọ́mọ kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, ó kàn ń bá ọ fi ọwọ́ sí i ni. Mo yan “tọ́” dípò “tọ́jú” nítorí pé ìtọ́jú ti di ti ilé ìwòsàn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti nítorí pé “tọ́” kò ya oúnjẹ ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òwe wa náà mọ̀ ọ́n: ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan a máa parí rẹ̀ sí “wò ó”, n kò sì bá wọn jà.

Nítorí náà, gbólóhùn tí mo kọ sínú ìwé náà báyìí ni pé: “Ní Skọ́tlándì, òfin fi iṣẹ́ ìbánitọ́mọ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, wákàtí rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ; ní Kánádà, ìjọba ń san lára owó ìbánitọ́mọ kí ti òbí lè dínkù.” Ìwé náà kò tíì lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ kọ ohun tí àwọn ìyá ń wí ní ọ̀dọ̀ tiyín nígbà tí wọ́n bá ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́jà, ní ẹ̀ka èdè yín gan-an, kí n lè mọ̀ bóyá “bá” wà nínú rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.