Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fáńpáyà tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan ni mò ń kọ, fáńpáyà (òkú inú ìtàn tó máa ń jí dìde láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn) lolórí ìtàn àmọ́ ojo ni, tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ báyìí òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kì í wọlé onílé àfi tí wọ́n bá ní kó wọlé, kì í wá ṣe torí òfin fáńpáyà o, ojú ló ń tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lágbára gan-an, ọ̀kan ń di ìkookò tóṣùpá bá ti yọ rógódó, ìkejì àjẹ́ ni, ìkẹta iwin tó ń gba inú ògiri kọjá.

Wàhálà mi rèé. Mo fún àbúrò mi kà, ó rẹ́rìn-ín dáadáa ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ti gba ìtàn mọ́ fáńpáyà náà lọ́wọ́. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí, mi ò sì fẹ́ kó ṣàdédé di akọni. Báwo lẹ ṣe máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe nǹkan gidi láì sọ ọ́ dẹlòmíì?

Àti pé, ṣé kí oòrùn pa á bó ṣe máa ń pa fáńpáyà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù? Nínú ìwé ìtàn Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897, fáńpáyà tó ń jẹ́ Dracula ń rìn lójú ọ̀sán, agbára ẹ̀ ló kàn ń dín kù. Èmi rò pé kó kàn máa yún un lára. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?