Mo ti parọ́ fún ọ̀gá mi pé mo mọ gọ́ọ̀fù gbá, ẹ gbà mí o

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Houston: Ẹ̀yin ará Òṣogbo mi lókè òkun, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Irọ́ kékeré tí mo pa níbi iṣẹ́ ti fẹ́ dójú tì mí. Ọ̀gá mi bi mí ṣé mo máa ń gbá gọ́ọ̀fù, àfi bí ẹnu mi ṣe já, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, láti ilé la ti ń gbá a, ní Ada. Ada tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ni mo bá lọ sí pápá gọ́ọ̀fù MicCom tó wà níbẹ̀, ìrẹsì ni mo jẹ létí pápá yẹn, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù! Ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀ kí n wá ibi tí a máa lọ, kí n book èèyàn mẹ́rin. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, owó ẹnì kan péré ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé mi lọ. Ṣé kò sí ti mẹ̀kúnnù nílùú yìí ni?

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ada kẹ̀! Ẹ̀rín pa mí.

Bọ̀dá Bissonnet, Houston: Àbúrò, fara balẹ̀. Ti ìjọba ìlú ni kó o wá, fi ti àwọn olówó sílẹ̀ fún wọn. Hermann Park wà, Gus Wortham wà, Sharpstown náà ò jìnnà síbi tí o ti ń ra gààrí. Memorial Park ló dáa jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ìdíje Houston Open láti 2020, ìyẹn náà ló jẹ́ kó ṣòroó rí àyè. Má gbàgbé ID tó ní àdírẹ́sì Houston o! Èmi, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ tí mo ti kó wá ni mo mú lọ síbì kan, owó àlejò ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti lo oṣù mẹ́jọ nílùú. Ó dùn mí débi pé mi ò gbá bọ́ọ̀lù kankan bó ṣe yẹ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Aláró, Chicago: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Má fi káàdì ara rẹ book fún mẹ́rin láéláé. Mo book 8:10 àárọ̀ fún àwa mẹ́rin, ọmọ Òṣogbo ni gbogbo wa. Ọ̀kan dé 8:40, ó ní òun yà ra kọfí. Àwọn méjì tó kù dé 9:15, ọ̀kan wọ jẹ́sì Arsenal pẹ̀lú sálúbàtà, ibi tí wọ́n ti ní aṣọ ọlọ́rùn ni kéèyàn wọ̀. Wọ́n ní àyè wa ti kọjá, owó àwa mẹ́rin sì ti jáde lórí káàdì mi. Títí dòní, ẹnì kan ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ìwọ lo jẹ̀bi. O pe ọmọ Òṣogbo, o wá sọ aago mẹ́jọ gan-an fún wọn? Aago mẹ́fà là ń sọ.

Ọmọ Aláró, Chicago: Màmá, ṣé òde àríyá ni mo pè wọ́n sí ni?

Olórí Gunners, Chicago: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò yín níbí. Èmi ni mo wọ Arsenal. 9:05 ni mo dé, kì í ṣe 9:15. Bàtà sì ni mo wọ̀, ó kàn jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ṣí. Kí ló dé tí ìwọ tó tètè dé ò wọlé? Ẹni tó bá dá wá, wọ́n á fi kún àwọn mẹ́ta kan, ẹ jọ máa gbá a. Ìwọ lo jókòó sínú mọ́tò, o ń bínú.

Bọ̀dá Bissonnet, Houston: Òótọ́ lèyí o. Ẹni tó bá dá lọ máa ń tètè ráyè.

Ọmọ Aláró, Chicago: Kí n lọ bá òyìnbó tí mi ò mọ̀ rí gbá a, nígbà tí bọ́ọ̀lù mi ń wọ igbó bí ọ̀yà? Owó mi dà?

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Baálé mi, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó wa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kiri pápá gun orí green, ibi tí wọ́n fá koríko mọ́lẹ̀ bí orí ìkókó. Ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń páàkì sí. Ariwo tí wọ́n pa lé e lórí, n ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín báyìí, ó tiẹ̀ dínwó pẹ̀lú.

Bọ̀dá Bissonnet, Houston: Ẹsẹ̀ ni kó o rìn, àbúrò. Bó o bá sì lọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń pè é ní twilight, owó máa ń wálẹ̀. Má ra club tuntun, igi tí a fi ń gbá a yẹn, wo Goodwill níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Lọ gbá garawa bọ́ọ̀lù kan ní driving range, ibi ìdánrawò, kí Sátidé tó dé, kí ọwọ́ rẹ lè mọ̀ ọ́n. Ihò mẹ́sàn-án ni kó o bẹ ọ̀gá rẹ sí, má gbà fún 18.

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ká sọ pé Bronx lò ń gbé ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Van Cortlandt wa ló ti wà láti 1895, kò sí ti gbogbo èèyàn tó dàgbà jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ train 1 dé òpin, o ti débẹ̀.

Ọmọ Aláró, Chicago: Jackson Park wa dé 1899, ọdún mẹ́rin péré lẹ fi jù wá, àti etí adágún ńlá ni pápá Marovitz wà, atẹ́gùn tútù.

Bọ̀dá Bissonnet, Houston: Ẹ̀yin tí yìnyín ń bo pápá yín mọ́lẹ̀? A ń gbá tiwa ní Jánúárì o.

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ní Ọ́gọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ ò ní yọ́ bí òrí?

Olórí Gunners, Chicago: Ọ́gọ́ọ̀sì tí ẹ dárúkọ yẹn, ọdún Ọ̀ṣun ló mú mi rántí. Ọdún kọkànlá rèé tí mi ò dé ilé. Pápá Fakunle, ẹsẹ̀ lásán, eruku pupa títí dé irun, a ò san owó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Aláró, Chicago: Ká kúrò níbẹ̀ ká yà jẹ àmàlà ní Ọlàìyá. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ ṣá.

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ̀rọ̀ àmàlà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Houston: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Hermann àbí Sharpstown? Mi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di club mú.

Olórí Gunners, Chicago: Ìsọmọlórúkọ kan máa gbé mi wá sí Houston ní Sátidé yẹn. Kà mí mọ́ wọn. Aago mélòó?

Ọmọ Aláró, Chicago: Àbúrò, má dá a lóhùn.