Táyà ẹ̀yìn mi ń yọ̀ nínú òjò: ṣé kí n pààrọ̀ irú táyà ni?

Arìnnàjìn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Alùpùpù ńlá ni mò ń gùn, táyà ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo ti fi rin bí 9,000 kìlómítà, títì gbọọrọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká èmi àti ìyàwó mi mọ́ ojú ọ̀nà, ẹrù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí mo ṣe fẹ́ yà ní oríta, táyà ẹ̀yìn gun ilà funfun tí wọ́n kùn sójú títì, ó sì yọ̀ lọ kó tó tún di ilẹ̀ mú. A ò ṣubú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò tú ọwọ́ lára mi títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù òjò ti ń bà mí.

Nǹkan kan tún wà. Tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí kọ́ọ̀nà, á kọ́kọ́ lọ́ra, á wá ṣàdédé já sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé kí n lọ ra táyà eléré, irú tí wọ́n fi ń sáré, tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ni? Ẹnì kan sì ní kí n máa tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ tí òjò bá ti ń rọ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì:
Ẹ kú ewu o. Ẹ má tíì náwó. Èló ni géèjì kà nígbà tí táyà tutù? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Ẹ ya fọ́tò àárín táyà ẹ̀yìn fún wa.

Atúntáyàṣe:
Iṣẹ́ mi nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Táyà eléré kọ́ ni ẹ nílò. Rọ́bà tiẹ̀ fẹ́ ooru kó tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, títì tó tutù tí omi wà lójú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbóná tó. Poro ara rẹ̀ náà kò pọ̀. Táyà ìrìnàjò òde òní ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní silica nínú rọ́bà, òun ló ń jẹ́ kó di ilẹ̀ mú bí ara rẹ̀ ò tiẹ̀ gbóná púpọ̀. Michelin Road 6, Pirelli Angel GT II, Metzeler Roadtec 01, gbogbo wọn ni wọ́n ro ti òjò mọ́ kí wọ́n tó ṣe wọ́n.

Iṣẹ́ tí poro oko ń ṣe ni poro táyà ń ṣe: omi gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Tí poro bá ti jẹ tán, omi á há sáàárín rọ́bà àti títì, táyà á wá léfòó lórí rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ́ra kó tó já yẹn ni mo fi fura pé àárín táyà yín ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀yìn igbá. Títì gbọọrọ máa ń jẹ àárín rẹ̀ nìkan, á wá ní etí lọ́tùn-ún lósì. Etí yẹn lẹ ń gùn kọjá kí ẹ tó dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí rọ́bà bá bá àmì TWI tó wà nínú poro, èyí tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán, dọ́gba. Èmi máa ń pààrọ̀ tèmi tó bá ku bíi 2 mìlímítà, torí kó tó dé ojú àmì yẹn lagbára rẹ̀ nínú òjò ti ń dínkù.

Fún ọjọ́ orí, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà. 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021.

Arírìnkiri:
Ẹni tó ní kẹ́ ẹ tú afẹ́fẹ́ ò purọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Táyà á fẹ̀ sílẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú.

Atúntáyàṣe:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dínkù, ńṣe ni poro máa ń pa ẹnu dé, ibi tí omi ì bá gbà jáde á dí. Ẹ tún wá gbé ìyàwó àti ẹrù lé e lórí! Iye tí ìwé alùpùpù bá sọ ni kí ẹ fọ́n, àti nínú òjò àti nínú oòrùn. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ńlá, 36 psi níwájú, 42 psi lẹ́yìn ni.

Ìyá Arìnrìnàjò:
Ẹ̀yin ará, ilà funfun yẹn ńkọ́? Kò sí táyà tó lè di ọ̀dà tí omi òjò wà lójú rẹ̀ mú bó ṣe ń di títì mú. Ìdérí irin ojú títì àti irin tí wọ́n fi so afárá pọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá lè yẹ̀ ẹ́, ẹ mú alùpùpù dúró ṣánṣán kí ẹ tó gùn ún, ẹ má fún un níná níbẹ̀, ẹ má sì tẹ bíréèkì. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sinmi díẹ̀, torí òróró tó ti gbẹ sójú títì ló ń léfòó nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi máa ń tẹ̀lé ipa táyà ọkọ̀ tó wà níwájú, torí ó ti gbá omi ibẹ̀ dànù. Tí mo bá fẹ́ dúró, mo máa ń rọra fún bíréèkì iwájú, kí ìwúwo alùpùpù kọ́kọ́ bọ́ síwájú, kí n tó fún un sí i.

Arìnnàjìn:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí alùpùpù dé ni. Géèjì ka 31 lẹ́yìn, ìwé mi sì ní 42. Nọ́ńbà tó wà lára táyà méjèèjì ni 1416. Ọdún 2023 ni mo rà á, ẹni tó tà á fún mi sì fi dá mi lójú pé tuntun ni. Àárín ẹ̀yìn ti tẹ́ bí pákó. Ti iwájú ṣì dára lójú, ṣé mo lè fi í sílẹ̀?

Atúntáyàṣe:
Rárá. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, rọ́bà iwájú náà á ti le. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, irú kan náà. Kí ẹ sì rọra gun tuntun fún bí 150 kìlómítà àkọ́kọ́, torí ara rẹ̀ á ṣì máa dán. Kí ẹ tó gbéra lọ síbi tí ẹ ti máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fọ́n ẹ̀yìn dé 42, ẹ dá gùn ún, kó má sì jẹ́ ọjọ́ òjò.