Báwo ni màmá mi ṣe lè fi ohùn yọ sípíkà wọn kúrò láàárín ìyókù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ là ń gbé. Sípíkà aláìlówáyà mẹ́ta ló wà nílé wa: ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní kíṣíìnì, ẹ̀kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Mo ti fi áàpù Google Home kó wọn pọ̀, mo sọ ẹgbẹ́ náà ní "House". Tí mo bá ti ní "Hey Google, play music on House", orin á gba gbogbo ilé.

Yíyọ ọ̀kan kúrò ló kù. Tí màmá bá fẹ́ sùn, mo fẹ́ kí tiwọn dákẹ́, kí ti pálọ̀ ṣì máa lọ. Orí fóònù ni mo ti ń ṣe é fún wọn, torí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, n kì í sì í sábà sí nílé. Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkurú tó máa rọrùn lẹ́nu wọn ni mo ń wá, tí wọ́n á fi yọ ọ́, tí wọ́n á tún fi dá a padà láàárọ̀.

Àbí kí n kúkú dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀, pálọ̀ àti kíṣíìnì nìkan? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.