Ẹran tí ò ní eegun (èsì sí Ẹ̀gbọ́n Iléṣà)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, mo ní kí n jókòó kí n máa wòran, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti ń lo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé gbogbo ìlú ti fọwọ́ sí i, mo ní rárá o, n ó sọ tèmi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà ló mú ìròyìn onímọ̀ kan wá, obìnrin tó ń wádìí bí òkun ayé àtijọ́ ṣe rí látara àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó kú sínú rẹ̀ tó di òkúta. Ìròyìn dáa. Orúkọ tí Ẹ̀gbọ́n wá fún iṣẹ́ obìnrin náà ni "onimo eegun wewe okun iwase", báyẹn gan-an ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àmì kan ò sí lórí ẹ̀. Kíá lẹnì kan ti béèrè pé ṣé eégún ti ń jáde nínú òkun ni, ẹlòmíì ní okùn lòun kà, okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá wọn fi àmì sí i, "onímọ̀ eegun wẹ́wẹ́ òkun ìwáṣẹ̀", síbẹ̀ náà ara rẹ̀ ò yá. Àìsí àmì kọ́ ló ń ṣe é. Eegun yẹn ni.

Àwọn ẹ̀dá tí à ń wí yìí, foraminifera, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n látòkè délẹ̀. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí eegun? Ilé ni wọ́n kọ́ bo ara wọn. Ohun tó wà lára ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin adìẹ náà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ ọ, àwọn mìíì sì wà tó jẹ́ pé iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, bí ẹni ń mọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ ẹja rí, tẹ́ ẹ ti jẹ ìgbín rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ò da eegun àti ìkarahun pọ̀.

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni o, mo fojú mi rí i. Ọmọ àbúrò mi kan ka ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì níbí nílé Ifẹ̀, lọ́jọ́ kan mo lọ bá a níbi iṣẹ́. Ó ti rẹ òkúta alámọ̀ kan láti Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì, sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì. Ó da kẹrosíìnì yẹn nù, ó bu omi sí i, òkúta náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹ̀kọ tó gbomi. Ló bá gbé e sórí asẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara. Mo ní ṣé asẹ́ ògì nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, asẹ́ ògì kẹ̀? Ihò eléyìí 63 micron ni o," ìyẹn ni pé kéèyàn pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún, kó wá mú mẹ́tàlélọ́gọ́ta níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù sórí asẹ́ ló sá gbẹ, ó wọ́n ọn sínú àwo dúdú kékeré kan, ó fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tó tutù ń he wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n wá wò ó nínú maikirosíkóòpù. Ẹ̀yin èèyàn mi, àfi bí ẹyin ìgbín tó so pọ̀ mọ́ra! Roboto, funfun, àwọn mìíì ká bí ìgbín fúnra rẹ̀. Nígbà tó sún mi mọ́ ọ̀kan dáadáa, ihò ni gbogbo ara rẹ̀, ihò wínníwínní bí ara asẹ́.

Ohun tí orúkọ tí wọ́n fún un lédè Látìn sì ń sọ náà nìyẹn, ẹni tó gbé ihò dání. Yorùbá ti ní èyí láìwá a jìnnà, "oní" àti "ihò", oníhò. Ìkarahun oníhò. Kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́? Àbúrò wa kan ní oníhò ti fẹ́ jọ oníhòòhò jù, pé àwọn ọmọ ilé ìwé á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ ihò tó rántí ìhòòhò, tirẹ̀ kọ́ là ń sọ jàre.

Ẹ̀gbọ́n wá fèsì pé àwọn ìyá àgbà ní Iléṣà, ohunkóhun tó bá le nínú ohun tó rọ̀, eegun ni wọ́n ń pè é, àti pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó mọ a, b, d. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjẹ̀ṣà ọmọ onílé obì, mo kí yín. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni òṣómàáló, mo sì rí i pé ẹ ti lóṣòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò ní dìde àfi ká san án. Mi ò ní san án. "Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e", ṣé Iléṣà ń sọ pé eegun a tẹ̀ lé e ni? Ibi tí òwe yẹn sì ti dùn fún ọ̀rọ̀ yìí ni pé tàwọn oníhò, bí ẹni tó ń fà bá kú tán, ìkarahun rẹ̀ á máa dá nìkan lọ, á rọra máa rì títí á fi balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, òmíì á bọ́ lé e, òmíì á tún bọ́ lé e, ọdún gorí ọdún. Ohun tí obìnrin yẹn ń kà nìyẹn.

Èmi náà fi ṣọ́ọ̀kì kọ Yorùbá sójú bọ́ọ̀dù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó bá jẹ́ ká ka ọdún ni. Ẹ má sì pe ṣọ́ọ̀kì ní ẹfun mọ́ bí ẹnì kan ṣe ń pè é lánàá. Òkè ṣọ́ọ̀kì funfun tó wà ní Dover létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara àwọn ẹ̀dá tó tún kéré sí oníhò ló kó jọ di òkè. Ẹfun tí wọ́n ń lò fún Ọbàtálá, amọ̀ funfun ni púpọ̀ tó wà lọ́jà. Fífunfun wọn nìkan ló jọra.

"Wẹ́wẹ́" náà ò tiẹ̀ tọ́ sí gbogbo wọn. Àwọn oníhò kan wà tó tó owó kọ́bọ̀, wọ́n kún inú òkúta tí wọ́n fi kọ́ àwọn píràmíìdì Íjíbítì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, Strabo ará Gíríìkì ròyìn pé àwọn èèyàn ní oúnjẹ táwọn òṣìṣẹ́ jẹ kù ló di òkúta. Ẹ̀wà ni wọ́n pè é o!

Ó wá ku ìwáṣẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, mo mọ̀ pé omi ni gbogbo rẹ̀ kó tó di pé wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án, ẹ má sì jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìjà Odùduwà àti Ọbàtálá níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìkarahun oníhò ti fìdí ìtàn yẹn múlẹ̀, kó rọra. Òkúta tó wà lábẹ́ Ifẹ̀, iná inú ilẹ̀ ló sè é, tIléṣà náà bẹ́ẹ̀, wúrà lẹ lè rí níbẹ̀, ẹ ò lè rí oníhò kankan. Igbó Olókun tó wà nílé wa níbí gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń hú níbẹ̀. Ayé ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Òkúta Ewékorò, ẹ̀yìn ìgbà tí òkúta ojú ọ̀run já lu Mẹ́síkò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ló tó gbára jọ, nígbà tí àwọn oníhò tó ń léfòó fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tó kù ló tún bí sí i. Ìwáṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Òkun àtijọ́, ó tán.

Ibẹ̀ náà ló yẹ kí n ti dá ọ̀gbẹ́ni tó ní "òkúta" fúnra rẹ̀, "òkú tó ta" ni, lóhùn. Kí ló ta? Ọfà ni àbí ata? Ẹni tó ní òkú àti ọta ni, bí ọta ìbọn, tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí a ti rí ojú ọ̀nà tó di ojúnà, a lè pa "ọ" jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò tíì gbà. Òkúta tó kún ilẹ̀ Ifẹ̀ yìí, òkú wo ló wà nínú ẹ̀?

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ọmọdé kan láti Iléṣà ló mú un wá. Ó ń wá ọ̀rọ̀ fún isotope, ìyẹn oríṣi èròjà kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra. Láti 1955 tí Cesare Emiliani ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń wo ọ́síjìn inú ìkarahun oníhò láti mọ̀ bóyá òkun tutù tàbí ó gbóná. Ọ́síjìn 16 fúyẹ́, 18 wúwo. Bí oòrùn bá ń fa omi òkun, èyí tó fúyẹ́ ló ń tètè gbéra, bí ayé bá sì tutù tó di yìnyín sórí ilẹ̀, kò ní padà sókun mọ́, èyí tó wúwo á wá pọ̀ nínú omi, oníhò á sì fi kọ́lé. Ọmọ náà ní ká pe 16 ní Táíwò, 18 ní Kẹ́hìndé. Ẹ wò ó! Táíwò tó kọ́kọ́ jáde lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tó jókòó sẹ́yìn. Ọ̀gá mi tó ti dolóògbé, tó wà nítòsí nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970, máa ń ní kéèyàn fọwọ́ kan nǹkan kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ yìí fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ti wá dé pé 17 náà wà, pé ká pe ìyẹn ní Ìdòwú. Ìdòwú ṣe máa wà láàárín ìbejì? Ẹ bá mi bi í.

Mo pe ọmọ àbúrò mi lálẹ́ àná, mo ní orúkọ wo làwọn fi ń pè é níbi iṣẹ́. Ó ní forams ni. Mo ní tó bá wá ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Mo kàn máa ń sọ pé mo ń ka àwọn nǹkan mi."