Ìwé Faransé wo ni ọmọbìnrin ti sọ ìyà tí ìyá rẹ̀ fi jẹ ẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ìyá tó ń fìyà jẹ ọmọ nínú ìtàn Faransé ti há mi lọ́wọ́. Mo ti ka Poil de Carotte (1894) ti Jules Renard: àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì kọ̀, ni ìyá bá rán àbúrò nínú òkùnkùn pé kó lọ ti ilé adìẹ. Ọmọ ń gbọ̀n! Mo ka L'Enfant ti Jules Vallès. Ẹgba ni ṣáá. Ọkùnrin ló kọ méjèèjì. Ìyá inú ìwé Colette, òǹkọ̀wé obìnrin, ní tirẹ̀ kẹ́ ọmọ ni. Marie-Claire (1910) ti Marguerite Audoux sì rèé, ọmọ òrukàn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo, tó jáde ṣáájú 1914, ni obìnrin ti fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ìyá bẹ́ẹ̀?