Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ọmọ mi tún bọ̀ sílé nítorí owó

Ìyá Fèyí: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ní ilé-ìwé ìjọba kan níbí, ní Ìbàdàn. Gbogbo ayé ló ń sọ pé a kì í san kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni wọ́n fi bébà pélébé kan lé mi lọ́wọ́: owó PTA (ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́), owó àga, owó ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìn), owó aṣọ eré ìdárayá, ìgbálẹ̀ méjì. Owó inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo kó ìgbálẹ̀ lọ, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan, wọn ò fún mi ní risíìtì. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ka orúkọ àwọn tó jẹ owó lórí ìlà, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mo rí ọmọ níwájú àtẹ ata mi, tó ń wọ́ báàgì nílẹ̀. Ṣé kí n lọ yáwó ni?

Lọ́yà Kékeré: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS3. Ìwé wà nínú rẹ̀, àga wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán pàápàá wà níbẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ẹni tó bá gbowó lórí wọn lè sanwó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. ₦10,000 ọ̀hún ò tó nǹkan mọ́ báyìí. Òfin kan náà ní òbí tí kò bá rán ọmọ lọ jẹ̀bi. Ẹ̀yin rán an lọ, wọ́n lé e bọ̀! Owó PTA ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí àwọn òbí ló ń dá a láàárín ara wọn.

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ọmọ mi, má yáwó. January 1955 tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn, mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ọwọ́ mi ò kan etí, wọ́n lé mi padà. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà! Ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n ti bù fáráàlú ṣáájú ni wọ́n fi ṣe é o, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ní 1954.

Àbíkẹ́: Bàbá, owó àga ni wọ́n bi wá o 😂

Tíṣà Ni Mí: Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì mi, àga ò tó ogójì. Ṣọ́ọ̀kì tí mò ń lò, èmi ni mo rà á. Owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń fún ìpínlẹ̀ láti fi kọ́ kíláàsì, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí i gbà. Níbi tí ìyẹn bá há sí, òbí ni pírínsípà ń yíjú sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbowó láìjá risíìtì, kí wọ́n tún lé ọmọ? Rárá o.

Ìyá Ìbejì: Pírínsípà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ bá, láàárọ̀ kùtù. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ní risíìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lẹ bá wá. Ẹ má pariwo, torí ọmọ yín ló máa kù sọ́dọ̀ wọn tí ẹ bá kúrò. Ẹ ya bébà yẹn ní fọ́tò. Tí wọn ò bá gbọ́, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ìyá Fèyí: Mo ti lọ o, ẹ ṣé gan-an. Pírínsípà ní òun ò mọ̀ pé wọ́n lé wọn. Ọmọ ti wà ní kíláàsì. Wọ́n já risíìtì ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ fún mi, wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù, owó ìgbálẹ̀ ni. Ìgbálẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi gbé lọ!